Àwọn Ìtàn Bàbá Tí O Pa Rẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Mi Lè Láyè

Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Tàjúdéẹ̀nì, Àjàní ọmọ mi,

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ká máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà pẹ̀lú "inú mi dùn láti kọ ìwé yìí sí ọ." Inú mi ò dùn, n ò sì ní purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ara mi le, àwọn ará ilé wà, Bàbá Àgbà rẹ ṣì wà láàyè, àlùhámúdùlílàhì. Ìkíni ti parí. Wá ibi jókòó sí kó o ka ìyókù.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ tuntun tí o gbà n'Íbàdàn ń lọ dáadáa. Wọ́n ní ò ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí ò ń tún kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ṣe, pé ọ̀gá rẹ ń yìn ọ́ pé ọwọ́ rẹ yá. Ọwọ́ rẹ yá lóòótọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí bó ṣe yá tó, kí àwọn ará Ìbàdàn tó rí i.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ tó kù ọ̀la tí wàá lọ. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, èmi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi, mò ń dín ẹran tí wàá gbé lọ s'Íbàdàn, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o bá mi wo kọ̀ǹpútà, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà, á ní kò sí àyè mọ́. Mo bẹ̀ ọ́ kó o wò ó. Kí n tó gbé ẹran kúrò lórí iná, o ti jáde sí mi, ò ń nu ọwọ́ bí ẹni tó jẹun yó, o ní, "Màámi, mo ti gbá a mọ́ fún yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ṣófo báyìí." Mo sì ṣàdúà fún ọ! Mo gbé ọwọ́ olóròóró sókè, mo ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ. Bí mo bá rántí àdúà yẹn, ara mi á máa gbóná.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀lé e, Bàbá Àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti Bàbá Múfú àbúrò rẹ̀. Bàbá ní kí n ka ibì kan fún àwọn nínú ìtàn tí òun ti sọ nígbà kan. Mo tan ẹ̀rọ, mo wá a, mi ò rí i. Mo wá èkejì, mi ò rí i. Fáìlì kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Mo rò pé ojú mi ni. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún wò. Àwọn àgbàlagbà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí. Mo ní kí wọ́n máa bínú, pé ara ẹ̀rọ ò yá, kí wọ́n jẹ́ ká fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, mo sunkún.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó pe fóònù, mo pè ọ́ ní ọ́fíìsì rẹ. Kí lo sọ? O ní, "Màámi, ẹ fara balẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà ló yàtọ̀. Mo fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún yín." Mo ní ṣé kò sí bí wọ́n ṣe ń dá a padà. O ní kò sí, pé o ti tún inú ẹ̀rọ náà tò lẹ́yìn tí o pa wọ́n rẹ́, ohun tó lọ ti lọ. O wá bi mí, èmi ìyá rẹ, pé, "Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà níbòmíì ni?" Tàjú! Mo ní ẹ̀dà. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló wà, nínú agolo bisikíìtì tó wà lórí pẹpẹ. Ta ló kó àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ s'Íbàdàn? Ìwọ ni! O ní o ti nù wọ́n, pé ohun tó wà nínú wọn náà ló wà nínú ẹ̀rọ, pé ibi iṣẹ́ tuntun máa nílò dísíkẹ́ẹ̀tì. O pa ti inú ẹ̀rọ nítorí pé ó wà nínú agolo, o pa ti inú agolo nítorí pé ó wà nínú ẹ̀rọ. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Ohun tí o pa rẹ́, o ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Àgbà tó bí bàbá rẹ, o mọ ojú rẹ̀, o mọ ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n o ò jókòó tì í rí. Gbogbo ìgbà tó ń wá sọ ìtàn ní ṣọ́ọ̀bù, tí o bá wà nílé fún ìsinmi, mo máa ń pè ọ́ pé, "Tàjú, wá gbọ́." Wàá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí. Eré káàdì lò ń ta lórí ẹ̀rọ kejì. Nítorí náà jẹ́ kí n wí i fún ọ, bí ẹni ń wí fún àlejò.

Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ohun tó ní òun fẹ́ ni kí n bá òun tẹ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe kúrò n'Íwó tí wọ́n fi dé Ifẹ̀. Bàbá Múfú ló tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi orúkọ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn ló bá a wá, Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti Ìwó. Mo ní, "Bàbá, a ti sọ èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá o." Ó wò mí bí ìgbà tó ń wo ọmọ kéú tí kò tíì dá álífù mọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹni tó jókòó síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ló jókòó síbí lónìí?"

Ìyẹn ni ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́ òun kò sọ ọ̀rọ̀ ilé ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ ilé Múfú bá wà níjókòó, yóò sọ bí bàbá wọn ṣe gbẹ́ kànga tí gbogbo àdúgbò ń mu, tí ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́. Bí kò bá sí wọn níbẹ̀, kò ní mẹ́nu ba kànga. Lọ́jọ́ tí Ìyá Sìfáwù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, bá a wá, ìtàn àwọn obìnrin ló sọ: ẹni tó ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun lójú ọ̀nà, ẹni tó bímọ sábẹ́ igi tí wọn ò dúró ju ọjọ́ kan lọ. Ìyá Sìfáwù á fi orin sí i, Bàbá á dákẹ́, á tẹ orí ba, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo tẹ orin náà. Mi ò mọ ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo tẹ̀. Gbogbo ọ̀nà láti Ìwó dé Ifẹ̀ jọ ara wọn nínú ìtàn wọ̀nyí, àwọn tó ń rìn ín ni kò jọra.

Bàbá kò sì gbà kí n tẹ ọ̀kankan jáde sórí bébà. Ó ní bébà ò lójú, kò mọ ẹni tó ń ka òun. Pé bí ọ̀rọ̀ ilé kan bá bọ́ sọ́wọ́ ilé kejì, ìjà dé. Ó ní tí gbogbo rẹ̀ bá pé, a ó pín in, ilé kọ̀ọ̀kan á wá fọwọ́ ara rẹ̀ gba tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ẹ̀rọ àti inú agolo bisikíìtì nìkan ló wà. Bàbá fọkàn tán mi, èmi náà sì fọkàn tán ọ.

Èyí tó kẹ́yìn tí o fi sílẹ̀ fún mi, tí o rò pé òun ló pé jù? Ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí Bàbá dá wá ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi ìyàwó ilé. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó gbàdúà, ó lọ. Kò kún ojú ewé kan. Nínú gbogbo ìtàn agbo ilé yín, èyí tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú ni o mú.

Ṣé ò ń retí ibi tí màá ti sọ pé nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, mo ṣe irú àṣìṣe yìí? Bí àwọn òbí ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ní àṣìṣe tèmi, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, n ò sì ní lọ yá ọ̀kan nítorí kí ojú má bàa tì ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wọ agbo ilé yín, ìyálé mi ní kí n lọ gbá yàrá tí Bàbá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Mo bá òkìtì wàláà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pákó ìkọ̀wé tó ti là, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Igi ìdáná tó gbẹ ni lójú mi. Mo jáde lọ bá Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ká máa fi àwọn pákó yìí dáná?" Ó ní rárá, pé ti àwọn ọmọ kéú òun tó ti kú ni, pé òun máa ń fọwọ́ kàn wọ́n bí òun bá ń ṣàdúà fún wọn. Mo béèrè ni. Kò gbà ju kíkúnlẹ̀ àti dídìde lọ.

Ó dáa. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe n'Íbàdàn ni kí o máa wọ inú ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, kí o máa gbá a. Nítorí náà gbọ́ mi, mi ò fẹ́ kí ìyá ẹlòmíràn tún sunkún.

Èkíní. Ẹ̀rọ ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Bó bá ń tẹ̀wé jáde, á da àjẹkù sílẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, á fi àbọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ tó kàn ń jẹ àyè. Ìwọ lo kọ́ mi ní ìyẹn, mo sì gbà. Àwọn yẹn, gbá wọn dànù láìwo ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ bá tún nílò wọn, á ṣe òmíràn fúnra rẹ̀. Èyí tí o gbá nínú irú wọn dára. Ẹ̀rọ náà ń sáré báyìí, kò sọ pé òun kún mọ́, àwọn oníbàárà ń yìn mí, ìyẹn gan-an sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀rọ ò lè tún un ṣe. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, bí èyí bá lọ, ta ló máa dá a padà? Bí kò bá sí ẹni náà, gbé ọwọ́ rẹ kúrò.

Èkejì. Ohun méjì kì í di ọ̀kan nítorí pé orúkọ wọn jọra. Ìyá ìbejì tó wọ aṣọ kan náà fún Táíwò àti Kẹ́hìndé, ṣé wàá bá a lójú pópó kó o ní kó dá ọ̀kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè fúyẹ́? Ṣí i. Kà á. Bó o bá ka ìlà mẹ́ta péré nínú ti Ìyá Sìfáwù, wàá ti mọ̀.

Ẹ̀kẹta: abéèrè kì í ṣìnà. Èmi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Tàjú. Ògiri kan ló là wá láàárín! Bó o bá wọ ọ́fíìsì èèyàn, tí o rí ohun tí kò yé ọ, pe ẹni tó ni ín, kó fi ìka ara rẹ̀ tọ́ka sí èyí tó lè lọ. Bí kò bá sí nílé, dúró dè é. Ọ̀gá rẹ tó ń yìn ọ́ pé ọwọ́ rẹ yá, kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹlẹ́rù bá ń wá ẹrù rẹ̀.

Ìkẹrin ni pé kí o má ṣe fi ojú àkísà wo ẹrù àgbà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìlú tí wọ́n ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́ lo ti dàgbà. O ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, o mọ̀ pé ó ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó gbálẹ̀ Ifẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wàá ti kó dà sí àkìtàn, wàá sì wá nu ọwọ́ rẹ.

Mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́, inú tún ti ń bí mi. Èyí tó kàn rèé: ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù, kò sí "ẹ máa bínú" nínú rẹ̀. Mo fetí sílẹ̀ fún un. O ṣàlàyé, o tún ṣàlàyé. Ẹni tó ṣẹ àgbà kì í kọ́kọ́ ṣàlàyé, ìdọ̀bálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe. Mi ò rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹnu rẹ lè gbàgbé ìyẹn.

Àná ni Àlàmísì. Bàbá tún wá. Láti ilé rẹ̀ ní Ẹnúwá títí dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti ń jókòó sinmi ní ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn báyìí, èémí rẹ̀ ò gùn tó tẹ́lẹ̀. Mo gbé omi fún un, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ti Múfú ńkọ́?" Mo ní ó ti lọ. Ó ní kò burú, Múfú ṣì wà, á sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá ní, "Ti Sìfáwù ńkọ́?"

Ìwọ náà mọ̀ pé Ìyá Sìfáwù ti kú. O wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, o jẹ mọ́sà níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ó ti lọ." Bàbá ṣí fìlà lórí, ó gbé e lé orúnkún, ó ń fọwọ́ ra á. Ó fẹ́ dá orin náà, ẹsẹ̀ kìíní jáde, kò rántí ìyókù. Ó wojú mi bóyá màá lè gbè é. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́, mi ò rántí! Tàjú, mi ò ní dárí ìyẹn jì ọ́ lónìí. Bóyá lọ́la.

Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ọmọ náà, ṣé ó ka ọ̀kankan kó tó pa á?"

Mo ní kò kà.

Ó ní, "Mo mọ̀. Bó bá kà á ni, ì bá ti rí i pé tirẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Mo ní kò yé mi. Ó ní, "Ìyá Tàjú, ti Ràímì ọkọ rẹ kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ìwọ ìyàwó ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ni? Mò ń dúró de ọmọ Ràímì kó wá jókòó. Ó wà níbẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ gbà-gbà-gbà, kò yíjú. Mo ní ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kó parí eré rẹ̀."

Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ, kú nígbà tí o ò tíì lè dárúkọ rẹ̀ já gaara. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ìyàwó ń mọ̀ lọ. Irú ọmọ tó jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ìdí tó fi kọ̀ láti gba iṣẹ́ kéú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ kẹ́yìn, Bàbá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò ní èémí tí òun yóò fi tún gbogbo ìtàn ilé sọ mọ́. Ó ní ọ̀kan ni òun lè sọ, ti ilé yín sì ni.

Nítorí náà, sọ ohun tó bá wù ọ́ fún ọ̀gá rẹ. Ní Àlàmísì tó ń bọ̀, kí oòrùn tó mú, mo fẹ́ rí ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àyà ni kí o kọ́kọ́ dé, lórí ilẹ̀, níwájú Bàbá, kí o tó la ẹnu. Kó àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì mi dání. Ìwọ ni wàá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́, o ṣáà ní ọwọ́ tó yá. Èmi á bọ́ síta, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Bó bá sì rẹ Bàbá láàárín, má kán an lójú. Dúró títí èémí rẹ̀ á fi padà.

Má sì wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà kéré. Ó láyè dáadáa báyìí, ìwọ náà mọ ẹni tó gbá a.

Èmi ni, ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Mọ́ríámọ̀ Àṣàbí.